Ẹ̀bá Omi ní Ẹ̀bá Ọ̀dàn

Gbogbo adágún ńlá tí àwọn ará Ìbàdàn ń kó ọmọ lọ wò lọ́jọ́ ìsinmi, ọwọ́ ènìyàn ló dá wọn. Ẹlẹ́yẹlé, Awba inú ọgbà Yunifásítì, adágún IITA lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, omi inú ọgbà Agodi, Aṣéjìrẹ́ lójú ọ̀nà Ifẹ̀: kò sí ọ̀kan nínú wọn nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ ìlú náà dó ní 1829. Odò ló wà, odò tó ń ṣàn lọ tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ń bẹ lápá ìwọ̀ oòrùn, Ògùnpa la àárín ìlú kọjá, Kúdẹtì àti Ògbèré ń gba ọ̀nà tiwọn lọ.

Orúkọ ìlú náà gan-an, àwọn àgbà ní láti inú Ẹ̀bá Ọ̀dàn ló ti wá, ìlú tó wà ní bèbè ibi tí igbó parí sí tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú òkè ni, ìlú ogun ni. Ẹni tó bá ń wá ọmọ tó mọ ọkọ̀ ojú omi tù láti kékeré, Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ Ìlàjẹ tàbí ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gùn Badagry ni yóò wá a lọ. Ọmọ Ìbàdàn mọ oko, ó mọ ọjà, ó mọ òkè gùn. Bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lórí omi fún ìgbádùn, tí àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ sì ń ti òkè òkun wá láti wo ẹyẹ kan ṣoṣo, ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìgbádùn rárá. Òùngbẹ ló bí i.

Ní 1931, nígbà tí ìjọba amúnisìn ka ènìyàn, 387,133 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún Ìbàdàn, kò sì sí ìlú mìíràn ní Nàìjíríà tó sún mọ́ ọn. Kànga àti odò ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn gbójú lé. Bí òjò bá ń rọ̀, ìyẹn kò le. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ojú ń rí màbo: kànga a gbẹ dé òkúta, odò a di ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, obìnrin àti ọmọdé a sì jí kí àkùkọ tó kọ láti lọ fi ìkòkò àti agbè tò sídìí omi. Odò kan náà tí wọ́n ti ń pọn omi mímu ni wọ́n ti ń fọ aṣọ, ibẹ̀ náà ni àwọn aláró ti ń ṣan ọwọ́. Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Yorùbá láyé ìgbà náà, inú omi adágún kékeré tí wọ́n ń mu ni sòbìà ti ń wọ ara ènìyàn, tí yóò dá àgbẹ̀ tó lágbára jókòó sílé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Odò Ọ̀nà ni àwọn ẹnjiníà yàn láti fi bọ́ ìlú náà, Ẹlẹ́yẹlé sì ni ibi tí wọ́n yàn láti sé e. Ní 1942, bí Ogun Àgbáyé Kejì ṣe ń jà lọ́wọ́, iṣẹ́ parí. Wọ́n mọ ògiri dábùú àfonífojì tí odò náà ń gbà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún omi tó bá pọ̀ jù láti rọ́ kọjá, odò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn lórí ara rẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ àkùrọ̀ di abẹ́ omi. Igi tó wà ní ìsàlẹ̀ kú lóòró. Àwọn ará ìlú kò wá orúkọ mìíràn fún ohun tí wọ́n rí. Dáàmù ni wọ́n ń pè é títí di òní, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti Yorùbá pátápátá, débi pé àwọn ọmọdé kò mọ̀ pé ó ti ibòmíràn wá.

Omi tó dúró bẹ́ẹ̀ kò ṣeé mu lójú ẹsẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ omi, wọ́n ń da álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lè so mọ́ra kó sì rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kó gba àárín yanrìn kọjá, wọ́n ń fi kílórínì pa kòkòrò àrùn, kí ẹ̀rọ tó ti í sínú páìpù. Omi ẹ̀rọ dé àwọn àdúgbò kan nínú ìlú. Ìtura ńlá ni, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń rojọ́ dáàmù náà lónìí kọ́kọ́ rántí ìyẹn.

Ohun kan wà tí àwọn tó kọ́ Ẹlẹ́yẹlé ṣe tí ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ yìn wọ́n fún. Wọn kò dá omi náà dá ilé. Wọ́n yí adágún náà ká pẹ̀lú igbó ọba, wọ́n gbin igi bíi tíìkì síbẹ̀, wọ́n sì fòfin de ẹni tó bá fẹ́ dáko tàbí kọ́lé nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí òjò bá rọ̀ sórí igbó, ewé ni yóò kọ́kọ́ gbà á, lẹ́yìn náà ewé tó ti rẹ̀ sílẹ̀ yóò mu nínú rẹ̀, gbòǹgbò yóò di ilẹ̀ mú, omi yóò sì máa jò wọ inú adágún díẹ̀díẹ̀ ní mímọ́. Bí òjò kan náà bá rọ̀ sórí páànù àti ilẹ̀ tí a ti gbá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi dé inú omi, tòun ti yanrìn, ọ̀rá, ọṣẹ àti ohun gbogbo tó bá lójú ọ̀nà. Igbó náà, ara dáàmù ni. Ẹni tó bá wo ògiri nìkan tó ní òun ti rí Ẹlẹ́yẹlé, ìdajì ló rí.

Àdúgbò náà kò pẹ́ di ìlúmọ̀ọ́ká fún ohun mìíràn. Nígbà ogun, ilé ìwòsàn àwọn ológun wà ní Ẹlẹ́yẹlé. Nígbà tí ogun parí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Ìbàdàn, inú àwọn ilé tí àwọn ológun fi sílẹ̀ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, lábẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, Kenneth Mellanby. Iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ wọlé kò ju 104 lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n wà kí wọ́n tó kó lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ fún wọn ní ibùsọ̀ mélòó kan sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, nítòsí omi dáàmù ló ti la ojú. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko àti ewéko tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Nítorí omi tí a bá sé kì í ṣófo pẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹpìyà àti àrọ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn apẹja ti dé pẹ̀lú àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè. Lékeléke ń wá sùn lórí igi etí omi nírọ̀lẹ́. Ẹyẹ kan wà tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó lè máa rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì, irú rẹ̀ a sì fara hàn níbikíbi tí ewé bẹ́ẹ̀ bá ti tẹ́ sórí omi tó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ìlú ló ń wá omi mímu. Ẹja àti ẹyẹ rí ilé.

Láàárín 1931 àti 1963, ìkànìyàn fi hàn pé ìlú ti kúrò ní 387,133 ó ti di 627,379, Ẹlẹ́yẹlé nìkan kò sì lè tó mọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, dáàmù mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdí tirẹ̀.

Awba ló kéré jù. Ní 1964, Yunifásítì sé odò kékeré tí ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú ọgbà rẹ̀, kí omi lè wà fún lílò, fún sísin ẹja àti fún ẹ̀kọ́. Ògiri rẹ̀ ga ní mítà 8.5, ó gùn ní mítà 110; ibi tó jìn jù nínú omi náà tó mítà 5.5. Ní 1971, wọ́n mú un gbòòrò sí i. Bí a bá ka iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti rọ́ ìgò bọ inú omi náà láti fi gboyè, láti ìgbà ẹpìyà títí dé ìgbà ìdọ̀tí, ó ṣeé ṣe kó wà lára adágún tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní jù ní ilẹ̀ Yorùbá.

Èkejì ni ti IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, tí àjọ Ford àti àjọ Rockefeller ràn lọ́wọ́ láti dá sílẹ̀ ní 1967. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lápá àríwá ìlú tó hẹ́kítà 1,000. Abúlé àti oko ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì sé odò fún omi tí oko ìwádìí yóò máa lò. Ó yẹ kí a dárúkọ àwọn ará abúlé wọ̀nyẹn nínú ìtàn yìí, nítorí wọ́n fi ilé bàbá wọn sílẹ̀ kí isu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà ìwádìí lè ríbi jókòó. Ní nǹkan bíi hẹ́kítà 350 nínú ilẹ̀ náà, wọn kò ro oko kankan. Wọ́n fi sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ni ìyanu ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ti ro léraléra, ìgbòrò ló kọ́kọ́ dà, lẹ́yìn náà igbó, lẹ́yìn náà igbó dídí tí oòrùn kì í tó ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rin inú rẹ̀ lónìí, tí ìrókò àti ọ̀pẹ dúró sí ọ̀tún òun òsì, lè rò pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìran kan péré ló wà láàárín oko àti igbó náà. Irú ẹyẹ tí wọ́n ti kà níbẹ̀ ju 200 lọ: àtíálá ń kígbe lórí igi, ẹyẹ apẹja jókòó sórí ẹ̀ka tó na ọwọ́ sórí omi, pẹ́pẹ́yẹ odò sì ń fò wọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Láàárín wọn, ọ̀kan wà tí ìlú náà fún lórúkọ. Ìbátan ẹ̀gà ni. Ara rẹ̀ dúdú, akọ rẹ̀ ní pupa lórí, a sì máa hun ìtẹ́ rẹ̀ sókè nínú igbó. Ní 1958, John Elgood, onímọ̀ ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, kọ àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ àgbáyé, ó sì pè é ní Malimbus ibadanensis, ẹyẹ Ìbàdàn. Kò sí níbòmíràn láyé ju gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà lọ, láàárín Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìperu àti Ìlaròó. Bí igbó ṣe ń tán ló ń tán, àwọn àjọ tó ń tọ́jú ẹ̀dá sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ìparun. Igbó etí adágún IITA wà lára àwọn ibi tó dájú jù tí ènìyàn ti lè rí i. Àwọn àlejò ń ti Yúróòpù wá pẹ̀lú awò ọ̀nà jíjìn ní ọrùn, wọ́n ń jí ní ìdájí, wọ́n ń dúró jẹ́ẹ́ fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹyẹ kan ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn.

Aṣéjìrẹ́ ló tóbi jù nínú wọn. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ní nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí ìlú, láti fi kún omi Ẹlẹ́yẹlé. Àwọn onímọ́tò tó ń gba ọ̀nà Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí àwọn tó ń ta ẹja tútù àti ẹja yíyan létí títì. Odò Ọ̀ṣun kan náà tí wọ́n ń bọ ní Òṣogbo, tí UNESCO fi igbó rẹ̀ sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, òun ló ń sọ̀kalẹ̀ wá dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń fà á sí páìpù Ìbàdàn. Àwọn tó ń pe Ọ̀ṣun ní ìyá tó ń fún ọmọ rẹ̀ lómi kò sọ àsọdùn.

Ti Agodi nìkan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ronú ìgbádùn. Ní 1967, ìjọba ìwọ̀ oòrùn dá ọgbà ẹranko àti ọgbà igi sílẹ̀ níbẹ̀, ní àárín ìlú, lẹ́bàá adágún Dandaru tó wà lójú ọ̀nà odò Ògùnpa. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìbàdàn láàárín àwọn ọdún 1970, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kìnnìún pẹ̀lú ojú ara wọn. Wọ́n á wọ aṣọ ọdún, bàbá á ra gúgúrú àti ẹ̀pà, fọ́tò kan á sì yà jáde tí yóò wà lára ògiri pálọ̀ fún ogún ọdún.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 ló fi òpin sí i.

Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá. Ògùnpa, odò tí ènìyàn lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wú kọjá bèbè rẹ̀. Láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́lé sún mọ́ ọn, tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, tí afárá kéékèèké sì ń fún un lọ́rùn. Kò ríbi gbà mọ́, ó gba inú ilé. Ènìyàn tó ju 200 lọ ló kú. Omi gbé mọ́tò, ó wó ilé, ó gbé òkú ènìyàn lọ sí ibi tí ẹbí kò ti rí wọn mọ́. Ọgbà Agodi, tó wà lójú ọ̀nà omi náà, bàjẹ́ tòun ti ẹranko inú rẹ̀. Omíyalé ni àwọn ará ìlú ń pe ọjọ́ yẹn, orúkọ odò náà sì di ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà Ìbàdàn kì í sọ láìmi orí. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí Ògùnpa ń jà. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Ṣùgbọ́n kò tíì pa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò mìíràn dé, ó sì fi wákàtí díẹ̀ da omi tó ju ti oṣù kan lọ sórí ìlú. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn dáàmù fúnra wọn wà nínú ìjàm̀bá náà. Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó sì rọ́ lu àwọn tó ti kọ́lé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní Yunifásítì, Awba ya. Omi rẹ̀ gbá oko ẹja lọ, ó wọ ọgbà ẹranko. Àwọn tó kú nínú ìlú lé ní 100, afárá púpọ̀ sì lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó fà á, ohun kan náà ni wọ́n ń bá pàdé káàkiri: ilé nínú ojú ọ̀nà omi, ìdọ̀tí lábẹ́ afárá, igi tí kò sí mọ́.

Láti inú ẹkún yẹn ni ìgbádùn òde òní ti jáde, ó sì yẹ kí ẹni tó ń lọ ṣeré níbẹ̀ mọ̀. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ dídènà omíyalé ní Ìbàdàn. Àtúnṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú afárá àti ojú ọ̀nà odò. Ọdún kan náà ni ọgbà Agodi ṣílẹ̀kùn padà lẹ́yìn tí ìjọba ti tún un ṣe, ó sì ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ fún ọmọdé àti àgbà báyìí. Yunifásítì tún Awba mọ, wọ́n sì sọ etí rẹ̀ di ibi ìgbafẹ́. Ẹni tó bá san owó ìwọlé lè wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yí adágún náà ká. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ẹ̀rù á ba àwọn ìyá díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ṣí, àwọn ọmọ á máa pariwo, omi á sì máa ta sí wọn lójú. Ìlú tí kò mọ ọkọ̀ tù ti ń kọ́ ọ.

Ìkìlọ̀ kan kò ní jẹ́ kí a máa fò lórí gbogbo omi tó bá ń dán. Omi tí a sé máa ń fún ìgbín odò kéékèèké ní ilé, inú ìgbín bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà kó tó wọ awọ ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán rin inú omi. Àwọn ará etí Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta mọ èyí dáadáa. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí dáàmù náà ní 1983, àrùn náà ràn láàárín àwọn ọmọdé abúlé tó ń wẹ̀ tí wọ́n sì ń pẹja níbẹ̀, débi pé àwọn olùwádìí ìlera ti padà síbẹ̀ léraléra láti kọ nípa rẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni kí àlejò wọ̀ lórí adágún. Kó fi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń fi kílórínì sí.

Ẹlẹ́yẹlé ńkọ́, àgbà gbogbo wọn? Wọ́n ti tún ògiri rẹ̀ ṣe. Igbó rẹ̀ ni kò padà. Láti ọdún pípẹ́ ni ilé ti ń wọ inú igbó ọba náà, ní àkọ́kọ́ bí ahéré oko, lẹ́yìn náà bíi ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní púlọ́ọ̀tì. Tíìkì tí wọ́n gbìn láti dáàbò bo omi di igi ìkọ́lé. Yanrìn tí ẹ̀gbàrá ń gbá wá ń jókòó sí ìsàlẹ̀ adágún, nítorí náà àyè omi inú rẹ̀ kò tó ti 1942 mọ́, bí ògiri tilẹ̀ ga bákan náà.

Ọṣẹ àti omi ṣáláńgá tó ń ṣàn wọlé ń bọ́ ewéko orí omi bí ajílẹ̀ ṣe ń bọ́ àgbàdo. Nínú ìwúre Yorùbá, ojúoró àti òṣíbàtà ni a fi ń júwe ẹni tí kò ní rì, tí yóò máa lékè nígbà gbogbo. Ní Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n lékè tó bẹ́ẹ̀ tí ojú omi fi pamọ́. Èyí tó burú jù tiẹ̀ tún jẹ́ àjèjì: ewéko olódòdó àwọ̀ elése àlùkò tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tó sì dé omi Nàìjíríà láti apá Badagry ní 1984. Ibi tó bá bò, oòrùn kì í wọ inú omi mọ́, atẹ́gùn inú omi a dín kù, ẹja a kú, ọkọ̀ apẹja kò sì ní lè kọjá. Wọ́n ń kó o kúrò, ó ń padà, nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Ẹ fi èyí wé IITA. Ìlú kan náà, òjò kan náà, ilẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ní ẹyẹ tí kò sí níbòmíràn láyé ju gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà lọ, èkejì ní ewéko tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú ògiri, kò sì sí nínú omi. Etí omi ni ó wà. Níbì kan, odi yí igbó ká, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Níbì kejì, ìwé òfin nìkan ló ń ṣọ́ ọ, ìwé kò sì lè dá àdá dúró. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ owó ni, pé àjọ àgbáyé lówó ju ìjọba ìpínlẹ̀ lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Lára ohun tí ó ṣe pàtàkì jù tí IITA ṣe fún hẹ́kítà 350 rẹ̀ ni pé kò ṣe nǹkan kan sí i. Ó kàn kọ̀ láti tà á ni.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú láti sọ Ẹlẹ́yẹlé di ibi ìgbafẹ́, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti ilé oúnjẹ, èrò dáadáa ni wọ́n ní. Omi tí ènìyàn bá ń fi ìfẹ́ wò ṣòro láti sọ di ààtàn. Ohun tí Awba ń kọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì lónìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n igi ni kó ṣáájú ọkọ̀. Kí ìjọba ri òpó sí ibi tí ilẹ̀ adágún parí sí, kí gbogbo ojú lè rí i. Kí wọ́n gbin igi padà sí ibi tí ó bá ṣì ṣófo, kí wọ́n sì gba àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà fún ìṣọ́ rẹ̀, nítorí àwọn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí àdá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wá ilẹ̀ rà ní Ìbàdàn, bí wọ́n bá mú yín dé etí Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ní ibẹ̀ tutù, pé ojú ọjọ́ rẹ̀ dára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé àdúgbò náà ibi tí omi dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 kí ẹ tó sanwó.